Ẹ bi Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà: Owó àjọ ti wọlé, kí ni ká kọ́kọ́ pààrọ̀ lára PC géèmù?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, àmọ́ téèyàn bá tú wọn wò, ìbéèrè kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn: owó díẹ̀ wà nílẹ̀, kì í ṣe owó ńlá, kì í sì í ṣe owó yẹpẹrẹ, PC tó wà nílé ti ń wọ́ nílẹ̀ tí géèmù bá ti bẹ̀rẹ̀, kí ni ká pààrọ̀ lára ẹ̀? Mẹ́ta ni mo mú. Àkọ́kọ́ ni màá pẹ́ lórí ẹ̀ jù torí ohun tó wà nínú ẹ̀ kan ọ̀pọ̀ nínú yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Sùúrùlérè ni mò ń gbé. PC tí mò ń lò, tòkunbọ̀ ni, pọ́ọ̀sẹ́sọ̀ Ryzen 5 2600 ló wà nínú ẹ̀, bọ́ọ̀dù B450, RAM 8GB ẹyọ kan, káàdì GTX 1050 Ti 4GB, hard disk 1TB, páwà sọ́pláì tó bá kéèsì wá tí wọ́n kọ 500W sí lára. Mọ́ńítọ̀ mi 1080p ni, 75Hz, ìyẹn iye ìgbà tó ń yí àwòrán padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bọ́ọ̀lù ni mo máa ń gbá jù, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi tún máa ń yìnbọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́, tí èèyàn bá ti pọ̀ lójú ìjà báyìí ńṣe ni gbogbo ẹ̀ á máa dúró, á tún máa lọ, wọ́n á ti pa mí kí n tó mọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ, ₦700,000 ló wà nílẹ̀. Mo lọ sí Computer Village n'Íkẹjà, ẹni àkọ́kọ́ ní kí n ta gbogbo ẹ̀ kí n lọ ra bọ́ọ̀dù AM5 tuntun, ẹnì kejì ní kí n má dá ìyẹn lóhùn, kí n ṣáà ra káàdì RTX 3060 kan ṣoṣo kí n máa lọ sílé. Orí mi ti dàrú báyìí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?
Ọmọ Sùúrùlérè

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o ṣeun tó o kọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ ẹ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á kàn ní "PC mi ò yá mọ́", ó tán. Àwọn méjèèjì tó o bá pàdé n'Íkẹjà, kò sí èyí tó bi ẹ́ pé ibo gan-an ló ti ń dùn ẹ́, ohun tó wà lórí káńtà wọn ni wọ́n ń tà fún ẹ.

Kó o tó ná kọ́bọ̀, ṣe nǹkan kan fún mi lálẹ́ òní. Ṣí géèmù tó ń yọ ẹ́ lẹ́nu yẹn, gbá a tó ogún ìṣẹ́jú, kó o wá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager á jáde, lọ síbi tí wọ́n kọ Performance sí. Wo GPU, ìyẹn káàdì tó ń ya àwòrán. Tó bá wà ní 97, 98, 99%, káàdì ẹ lagbára ẹ̀ ti tán nìyẹn. Tí GPU bá wà nílẹ̀ ní 60% bẹ́ẹ̀ géèmù ṣì ń wọ́, á jẹ́ pé pọ́ọ̀sẹ́sọ̀ (CPU) ni kò lè tètè gbé iṣẹ́ fún un, CPU ò sì nílò kó dé 100 kó tó di ìṣòro o, torí ọ̀pọ̀ géèmù ló jẹ́ pé core díẹ̀, ìyẹn àwọn ọpọlọ inú pọ́ọ̀sẹ́sọ̀, ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí àwọn yòókù á máa sinmi. Tí Memory bá wá ti kún dé 90 sókè, RAM, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ni kò tó, Windows ti ń kó ẹrù lọ sórí hard disk, ibẹ̀ gan-an ni ìdúró-dúró tó ò ń sọ yẹn ti máa ń wá. Látinú ohun tó o kọ, ó dá mi lójú pé káàdì àti RAM ni wọ́n jọ ń fìyà jẹ ẹ́. 1050 Ti jáde lọ́dún 2016, 4GB péré ló gbé dání, RAM ẹyọ kan ṣoṣo sì túmọ̀ sí pé ojú ọ̀nà kan ni pọ́ọ̀sẹ́sọ̀ ẹ ń lò níbi tí méjì wà.

Ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ AM5 kúrò nílẹ̀. Ó dáa, mi ò ní purọ́. Àmọ́ DDR5 nìkan ló ń gbà, RAM tó o ní yẹn ò wọ̀ ọ́, bọ́ọ̀dù ẹ ò wúlò fún un mọ́, pọ́ọ̀sẹ́sọ̀ ẹ náà ò wọ̀ ọ́. Tó o bá wá ra bọ́ọ̀dù, pọ́ọ̀sẹ́sọ̀ àti RAM tán, èló ló kù nínú ₦700,000 tó o máa fi ra káàdì? 1050 Ti yẹn náà lo máa tún gbé sínú ẹ̀rọ tuntun, FPS ẹ, ìyẹn iye àwòrán tí ẹ̀rọ ń yà sójú mọ́ńítọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ò ní kúrò níbi tó wà lọ títí. Bọ́ọ̀dù AM4 tó wà lọ́wọ́ ẹ, B450 yẹn, ò tíì kú. Ryzen àkọ́kọ́ wọ orí AM4 lọ́dún 2017, AMD tó ń ṣe é sì ṣì ń gbé pọ́ọ̀sẹ́sọ̀ tuntun jáde fún un lọ́dún 2024, Ryzen 5000 tó jáde lápá ìparí 2020 ń ṣiṣẹ́ lórí B450 tó o bá ti fún un ní BIOS (ètò tó ń jí bọ́ọ̀dù) tó tọ́. Kò sídìí tó o fi máa jù ú nù.

Ẹnì kejì tó ní kó o ra RTX 3060, òun ló sún mọ́ òótọ́, àmọ́ kò bi ẹ́ nípa páwà sọ́pláì, ìyẹn ló sì ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tó o kọ. 1050 Ti ẹ, 75W ló ń jẹ, inú ihò bọ́ọ̀dù ló sì ti ń mu gbogbo ẹ̀, ìdí nìyẹn tí páwà kéèsì yẹn fi ń gbé e. 3060 ń jẹ 170W. Jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi. RX 580 ni mò ń lò nígbà yẹn, 185W, mo ra páwà kan tí wọ́n kọ 600W gàdàgbà sí lára, mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á fún mi, owó ẹ̀ rọjú ni mo fi rà á. Ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí wàhálà. Lálẹ́ ọjọ́ kan NEPA mú iná, wọ́n dá a padà, wọ́n tún mú un, wọ́n tún dá a padà, mo gbọ́ "tàà!", òórùn rọ́bà gba gbogbo yàrá. Kì í ṣe páwà nìkan ló lọ, ó fa bọ́ọ̀dù lọ, ó fa káàdì lọ. Nígbà tí mo tú u, inú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Owó tí mo fi ra káàdì yẹn, oṣù márùn-ún ni mo fi tu ú jọ, títí dòní ó ṣì ń dùn mí.

Torí náà páwà ni kó o kọ́kọ́ rà, tuntun ni kó o rà á, má ra tòkunbọ̀ páwà láéláé. Gbé e lọ́wọ́ wò, èyí tó dáa máa ń wúwo, tó bá fúyẹ́ bíi páálí bisikíìtì, dá a padà sórí káńtà. Lẹ́yìn náà, ka ìwé tó wà lára ẹ̀, má wo nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ síwájú, ibi tí wọ́n kọ +12V sí ni kó o wò, wàá rí iye amp tó wà níbẹ̀, fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀. Tí wọ́n bá kọ 45A, 540W nìyẹn, 550W tòótọ́ ni. Tí wọ́n bá kọ 500W síwájú tó jẹ́ 18A ló wà ní +12V, 216W péré lò ń rà yẹn o, káàdì àti pọ́ọ̀sẹ́sọ̀ sì rèé, +12V yẹn ni wọ́n ti ń jẹun. Ohun tí wọ́n ń pè ní 80 Plus, bí páwà ò ṣe ń fi iná ṣòfò ló ń sọ, ó dáa kó wà níbẹ̀ àmọ́ òun nìkan ò tó láti fọkàn balẹ̀. Wò ó bóyá wọ́n kọ ààbò sí i, OVP (fún iná tó ga jù), OCP (fún iná tó pọ̀ jù), SCP (fún wáyà tó kan ara). Wáyà tó lọ sí káàdì, èyí tó ní ẹnu 6+2, ara páwà gan-an ni kó ti jáde, tí wọ́n bá ní àwọn máa bá ẹ so wáyà molex àtijọ́ méjì pọ̀, má gbà. Àti pé tó bá ní súìṣì pupa kékeré lẹ́yìn tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí, 230 ni iná tiwa, yẹ̀ ẹ́ wò kó o tó ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ti rí èyí tó wà lórí 115 tó bú lójú ẹni tó rà á. Fún ohun tó o fẹ́ rà, 550W 80 Plus Bronze láti ọwọ́ iléeṣẹ́ tí wọ́n mọ̀, irú bíi Corsair CX550, á gbé e dáadáa, á tún kù.

Ó wá ku káàdì. Òun ló máa jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú owó ẹ, bíi ìdajì, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn fún ẹni tó fẹ́ gbá géèmù. Fún mọ́ńítọ̀ 1080p, mẹ́ta ni kó o máa bèèrè. RX 6600 ti AMD, 8GB, 132W, òun lọkàn mi fà sí jù fún ẹ, kì í jẹ iná, kì í gbóná jù, ohun tí wàá rí lójú mọ́ńítọ̀ tó owó tó o san. RTX 3060, 12GB, 170W, òun ni màá mú tó bá jẹ́ pé o tún ń ṣe fídíò tàbí iṣẹ́ 3D, torí 12GB yẹn máa ń wúlò níbẹ̀. Ṣọ́ra níbí o: 3060 oríṣi méjì ló wà, 8GB wà, 12GB wà, ti 8GB yẹn kì í ṣe ìrántí nìkan ni wọ́n gé kù, ojú ọ̀nà ìrántí ẹ̀ náà kéré, 128-bit sí 192-bit, ó lọ́ra ju ìkejì ẹ̀ lọ, àwọn kan á sì pe owó kan náà fún ẹ. Ẹ̀kẹta ni RTX 4060, 8GB, 115W péré, ó yára ju 3060 lọ, àmọ́ owó ẹ̀ lè má jẹ́ kó o ra nǹkan yòókù. Tí wọ́n bá gbé RX 6500 XT fún ẹ pé tuntun ni, inú páálí ló ṣì wà, sọ pé o ṣeun: 4GB ni, lane (ojú ọ̀nà) mẹ́rin ló fi ń bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, bọ́ọ̀dù ẹ sì jẹ́ PCIe 3.0 àtijọ́ tí ojú ọ̀nà ẹ̀ ò yára tó, á pàdánù púpọ̀. 6600 àti 4060 ń lo lane mẹ́jọ, ohun tí wọ́n máa pàdánù lórí 3.0 kò tó nǹkan. Arc B580 ti Intel náà dùn ún wò, 12GB ni, àmọ́ pẹ̀lú 2600 kò ní ṣe dáadáa, ó fẹ́ pọ́ọ̀sẹ́sọ̀ tó yára, ó sì fẹ́ Resizable BAR, ètò inú BIOS tó ń jẹ́ kí pọ́ọ̀sẹ́sọ̀ rí gbogbo ìrántí káàdì, fi sílẹ̀ ná.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tòkunbọ̀ ni káàdì tó o máa rí, kò sí ohun tó burú nínú ẹ̀. Lọ́dún 2021 àwọn tó ń fi káàdì wa Ethereum, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, ń ra káàdì bí ẹní ra gààrí, ní September 2022 Ethereum yí ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ padà, wọn ò nílò káàdì mọ́, wọ́n kó wọn dà sọ́jà. Káàdì tó ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn lè ṣì pẹ́ lọ́wọ́ ẹ, fáànù àti thermal paste ẹ̀, ìyẹn ìpara tó ń gbé ooru kúrò, ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ohun tó o máa ṣe ni pé kó o má sanwó kí wọ́n tó fi í sínú ẹ̀rọ lójú ẹ. Ní kí wọ́n ṣí GPU-Z, ètò tó ń sọ ohun tó wà nínú káàdì. Fún RX 6600 tòótọ́, ibi tí wọ́n kọ Shaders sí, 1792 lo máa rí, fún RTX 3060, 3584. Àwọn ayédèrú wà tó jẹ́ káàdì àtijọ́ tí wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà nínú BIOS, GPU-Z mọ púpọ̀ nínú wọn, á kọ FAKE sí i lójú ẹsẹ̀. RX 580 gan-an, méjì ló wà, ọ̀kan 2304, ọ̀kan 2048, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu àwọn tó ń tà á. Lẹ́yìn náà ní kí wọ́n fi FurMark, ètò tó ń mú káàdì ṣiṣẹ́ dé òpin agbára ẹ̀, sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ìwọ náà dúró tì í, wo ìgbóná, fetí sí fáànù, wo ojú mọ́ńítọ̀ bóyá àmì kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi ń yọ. Tí ẹni náà bá ní òun ò ráyè ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣọ́ọ̀bù pọ̀ ní Otigba, ní Computer Village yẹn, bọ́ sí èyí tó kàn. Jẹ́ kí wọ́n kọ serial number káàdì náà sórí rìsíìtì, kí wọ́n sì kọ iye ọjọ́ tó o lè fi dá a padà, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ò ní ràn ẹ́ lọ́wọ́ lọ́la. Kó o tó kúrò nílé, fi tépù wọn inú kéèsì ẹ, láti ẹ̀yìn dé iwájú, káàdì oní-fáànù mẹ́ta míì máa ń gùn ju kéèsì kékeré lọ.

RAM: ra 8GB méjì tó jọ wà nínú páálí kan, DDR4 3200, má so tuntun mọ́ àtijọ́ tó o bá lè yẹra fún un, nígbà míì wọn kì í bára wọn rẹ́, ẹ̀rọ á kàn máa kú fúnra ẹ̀. Tí bọ́ọ̀dù ẹ bá ní ihò mẹ́rin, ihò kejì àti ìkẹrin láti ẹ̀gbẹ́ pọ́ọ̀sẹ́sọ̀ ni kó o fi wọ́n sí, wọlé sí BIOS kó o tan XMP, òun ló ń jẹ́ kí RAM sáré bí wọ́n ṣe kọ ọ́. 2600 ẹ, 2933 ni AMD kọ fún un, tí 3200 bá ń dà á láàmú, fi sí 2933 kó o máa lọ.

SSD, ibi ìkẹ́rùsí tó yára ju hard disk lọ, ò ní fi kún FPS ẹ o, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ purọ́. Àmọ́ kí géèmù tètè ṣí, kí àwòrán ìlú má máa pẹ́ kó tó hàn, òun ló ń ṣe ìyẹn. Bọ́ọ̀dù ẹ ní ihò M.2, ra SSD NVMe 1TB tó ń wọ ibẹ̀ tí owó bá tó, tí kò bá tó ra 500GB, kó o fi hard disk yẹn sílẹ̀ fún fíìmù àti àwọn nǹkan àtijọ́.

Pọ́ọ̀sẹ́sọ̀ ni kó o fi sílẹ̀ de àjọ tó ń bọ̀. 2600 á dá káàdì tuntun yẹn dúró díẹ̀ nínú àwọn géèmù ìbọn tó fẹ́ FPS púpọ̀, mi ò ní sọ pé kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìyàtọ̀ tí wàá rí á ti pọ̀ jọjọ. Nígbà tí owó bá tún wà, Ryzen 5 5600, core mẹ́fà, 65W, fáànù ẹ̀ wà nínú páálí, á wọlé síbi tí 2600 wà. Tó bá jẹ́ 5700X3D lo rí tó o sì lágbára ẹ̀, ó dáa fún géèmù gan-an, àmọ́ kò ní fáànù nínú páálí, wàá ra tìẹ. BIOS lo máa kọ́kọ́ ṣe kó o tó yọ 2600 kúrò, torí bọ́ọ̀dù tí BIOS ẹ̀ ti pẹ́ ò ní mọ 5600, ojú mọ́ńítọ̀ á dúdú, wàá rò pé ó ti bàjẹ́. Gbọ́ mi dáadáa níbí, ọmọ Sùúrùlérè: tí iná bá lọ nígbà tí BIOS ń wọlé lọ́wọ́, bọ́ọ̀dù yẹn lè kú pátápátá. Má ṣe é lórí iná NEPA lásán. Orí ínfátà ni kó o ti ṣe é, tàbí UPS (bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà fúngbà díẹ̀ tí iná bá lọ) tó o ti tẹ́ẹ̀sì, tí kò bá sí ní ilé ẹ, gbé e lọ sílé ẹni tó ní. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo ẹ̀.

Tó bá jẹ́ Windows 10 ni ò ń lò, Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn ẹ̀ dúró láti 14 October 2025, 2600 wà lára àwọn tí Windows 11 gbà, tan fTPM, ètò ààbò tí Windows 11 ń béèrè, nínú BIOS kó o gbé e wọlé.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Balógun ni mo ti ń ta aṣọ, Ìsàlẹ̀ Èkó là ń gbé. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní kí n fi owó kún tòun ká kó PC géèmù jọ, irú RX 6600 àti Ryzen 5 5600 ló kọ síwèé fún mi, ó ní òun á tún máa fi ṣe fídíò fún àwọn èèyàn. Mi ò kọ̀, ọmọ gidi ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ iná ló ń kọ mí lóminú. Ṣé kò ní jẹ gbogbo yúnìtì wa tán? Ṣé jẹnẹrétọ̀ kékeré wa lè gbé e?
Ìyá Oníṣọ̀ọ́bù

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, ẹ kú ọjà o, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Nǹkan tó kọ síwèé yẹn, ó fọgbọ́n kọ ọ́, kò kọ èyí tó ń jẹ iná bí àjẹgbé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Káàdì 132W, pọ́ọ̀sẹ́sọ̀ 65W lórí ìwé, mọ́ńítọ̀ àti àwọn nǹkan yòókù, ká pe gbogbo ẹ̀ ní 300W nígbà tí géèmù ń lọ. Tó bá gbá a fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, yúnìtì kan àti díẹ̀ nìyẹn, 1.2. Oṣù kan, yúnìtì 36. Ẹ wo iye tí wọ́n ń ta yúnìtì kan fún yín nígbà tẹ́ ẹ bá ra káàdì iná, kẹ́ ẹ fi sọ 36 di púpọ̀, kẹ́ ẹ pe ọmọ jókòó kẹ́ ẹ fi hàn án, ẹ jọ pín in. Nígbà tó bá ń kàwé tàbí tó ń tẹ nǹkan lórí ẹ̀, kò ní jẹ tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour", agbára ẹ̀ bíi 650W ni, tá a bá wo nọ́ńbà nìkan ó lè gbé e. Àmọ́ iná ẹ̀ kì í dúró sójú kan, tẹ́ ẹ bá tan fíríìjì báyìí, iná á lọọ́lẹ̀, á tún fò sókè, ìyẹn ló ń pa kọ̀ǹpútà. Ẹ má jẹ́ kó ki PC bọ̀ ọ́ tààrà. UPS ni kẹ́ ẹ fi sáàárín. Ẹ jọ̀ọ́, lára UPS, VA tí wọ́n kọ síwájú kì í ṣe W o, 650VA máa ń fún yín ní bíi 350 sí 400W, ó ti kún jù fún ẹ̀rọ yìí, 1000VA ni kẹ́ ẹ rà. Kì í ṣe pé á máa fi gbá géèmù tí iná bá lọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó máa fún un kó fi pa ẹ̀rọ jẹ́ẹ́jẹ́, kó má baà kú lójijì. Àwọn UPS kéékèèké míì kì í gba iná jẹnẹrétọ̀, wọ́n á máa ké, wọ́n á máa jẹ bátìrì wọn, ẹ ní kí wọ́n tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ lórí jẹnẹrétọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Tí Ọlọ́run bá ṣe é tẹ́ ẹ bá ń ra ínfátà lọ́jọ́ iwájú, ẹ bèèrè pure sine wave, èyí tí iná ẹ̀ ń lọ geere, irú páwà tó dáa yẹn fẹ́ràn ẹ̀ ju èyí tó ń kùn yùn-ùn lọ.

Mo mọ bí ilé ṣe fún mọ́ra wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìyá mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀bá fèrèsé nítorí pé ọmọ fẹ́ gbá géèmù di òru. Carbon monoxide, gáàsì olóró tó wà nínú èéfín ẹ̀, kì í fi òórùn kìlọ̀ kó tó pa èèyàn.

Kẹ́ ẹ tún sọ fún un kó má gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, eruku á wọ inú ẹ̀. Kó gbé e sórí tábìlì, kó sì máa fẹ́ eruku inú ẹ̀ dànù lóṣù méjì méjì, tó bá di ìgbà ọyẹ́, kó máa ṣe é lóṣooṣù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Yábàá. Mo ra RTX 3060 tí mo fi kún Ryzen 5 5600G mi, mo tún ra mọ́ńítọ̀ 144Hz, àmọ́ kò yàtọ̀ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ rárá! Ṣé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì ni?
Ọmọ Yábàá

ÌDÁHÙN: Fara balẹ̀ ná, àbúrò. Lọ sẹ́yìn kéèsì ẹ kó o wo ibi tí wáyà mọ́ńítọ̀ wà. 5600G ní àwòrán tiẹ̀ nínú, ìyẹn ni pé tí wáyà yẹn bá wà ní ihò HDMI tó wà lára bọ́ọ̀dù lókè, àwòrán á jáde, o ò sì ní mọ̀ pé káàdì tó o ra yẹn ń sùn nílẹ̀. Yọ ọ́, fi sí ihò tó wà lára káàdì nísàlẹ̀, àwọn tó tò lọ ní gbọọrọ yẹn. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà bíi tìẹ tó wọlé sọ́dọ̀ mi, ibẹ̀ ló máa ń wà.

Lẹ́yìn náà, lọ sí Settings, System, Display, Advanced display, wàá rí i pé 60Hz ló wà, Windows kì í fúnra ẹ̀ gbé e sókè lọ́pọ̀ ìgbà, yí i sí 144. Tí 144 ò bá jáde níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé wáyà HDMI àtijọ́ lo lò, lo wáyà DisplayPort tó bá mọ́ńítọ̀ wá nínú páálí. Tún ṣí GPU-Z kó o wo 3584 tí mo sọ fún ọmọ Sùúrùlérè lókè yẹn, kó o wò ó bóyá 12GB lo rà àbí 8GB, tó bá jẹ́ 8GB ni wọ́n fún ẹ tó jẹ́ owó 12GB lo san, gbé rìsíìtì ẹ dání kó o padà lọ bá wọn kí ọjọ́ wáràǹtì tó kọjá.